Ọkọ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Lẹ́nu Ibodè Sánmà

"Ẹ má wo ìsàlẹ̀," ni agbọ̀n tí ó ń gbé wọn gòkè wí, ṣùgbọ́n Eyínmẹ́nugún ti wo ìsàlẹ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

"Òrùlé ilé wa nìyẹn. Ó ti kéré bí èèpo ẹ̀pà. Ìyàwó, wá wò ó."

"Ẹ máa bá mi wò ó, ọkọ mi," ni Ìbídùn dáhùn. Ó ti di ojú pinpin, ó sì fún irin agbọ̀n náà mọ́wọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ fún omi jáde lára rẹ̀.

"Bí mo bá délé tí wọ́n bi mí pé kí ni ìyàwó wa rí lọ́nà ọ̀run, màá ní ẹ̀yìn ìpéǹpéjú rẹ̀ ni ó rí."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí okùn tí ó ń fa agbọ̀n yìí ṣe tóbi tó, kí ẹ má baà rò pé okùn tí a fi ń so ewúrẹ́ ni mò ń wí. Bí igba ọkùnrin bá so ọwọ́ pọ̀ láti yí i ká, irùngbọ̀n ẹni àkọ́kọ́ á ti funfun kí ọwọ́ ẹni ìkẹyìn tó kàn án. Inú àpáta Ìdànrè ni wọ́n ri ìdí rẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, lábẹ́ Ìlú Sánmà, ìlú tí ó léfòó lójú ọ̀run bí igbá tí ẹnì kan gbàgbé sórí odò. Ìlú náà ga débi pé àṣá tí ó bá fò lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ewú ni í hù padà wálé. Òjò kì í rọ̀ sórí rẹ̀, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ìbídùn jàjà la ojú kan, ó gbàgbé láti tún un dì. Ìkùukùu wà ní ọ̀tún àti ní òsì bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Lápá gúúsù, ó rí òkun tí ó ti dé ìloro Òrè báyìí, tí ó ń dán bí àwo. Ẹnu rẹ̀ là, afẹ́fẹ́ tútù wọ inú rẹ̀ lọ, ó sì dà bíi pé ó mu gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ibí ni ọmọ ìyá yín ń gbé láti oṣù mẹ́rìnlá," ó wí jẹ́ẹ́.

"Ibí náà ni. Ó sì ń sọ fún wa pé aṣọ lòun ń rán."

Aṣọ ni Akínrógun ń rán lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń ta sójú òfuurufú láti fa omi lára ìkùukùu ni. Aṣọ kan ṣoṣo lè bo gbogbo Àkúrẹ́ kí ó tún ṣẹ́ etí sí Ọ̀wọ̀. Òun ni onígbọ̀wọ́ Ìbídùn: òun ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìlú pé kí wọ́n jẹ́ kí ó wá bá òun gbé.

Fọ́ọ̀mù méjì ni ó wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti tọkọtaya, ọdún mọ́kànlá ni ìlà rẹ̀. Ti àjọgbé, ìyẹn àwọn tí ó ń gbé pọ̀ láìtíì ṣègbéyàwó, ọdún kan ni. Àwọn tí ó ṣe òfin náà ní ẹni tí ó ti ṣègbéyàwó ti fọkàn balẹ̀, kò sí ibi tí ó ń lọ, ó lè dúró. Ìfẹ́ àjọgbé ni ó lè rà bíi tòmátì bí wọ́n bá fi falẹ̀. Akínrógun àti Ìbídùn sì ti gbé pọ̀ nínú ilé àwọn Akínrógun fún ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá kí ó tó gòkè, láìsí ìnáwó, láìsí òrùka. Fọ́ọ̀mù àjọgbé ni wọ́n gbà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi Etí sí Ìbídùn lẹ́yìn etí, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí ó sọ fún ọdún kan gbáko. Bí ó bá yege lónìí, yóò wọlé, kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí ó mú ẹlẹ́rìí kan wá láti ilé. Eyínmẹ́nugún, ẹ̀gbọ́n Akínrógun obìnrin, ní kò sí ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí lójú òun.

Agbọ̀n dúró ní Agbedeméjì. Yàrá onídígí kan ni, ó so rọ̀ lára okùn náà, ilẹ̀ dígí, ògiri dígí, débi pé ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ dà bí ẹni tí ó dúró lórí èrò ọkàn rẹ̀ lásán. Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó rí ẹyẹ tí ó ń kọjá. Ó gbé èkejì wọlé nítorí pé Eyínmẹ́nugún tì í.

Ìgbà náà ni ó rí Akínrógun. Ó wà lẹ́yìn ògiri dígí tí ó dá yàrá náà sí méjì, nínú aṣọ Sánmà tí ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja. Ó lè gbọ́ wọn, ohùn tirẹ̀ ni kò lè jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé dígí náà. Ìbídùn ò mọ ìgbà tí òun dé ibẹ̀. Dígí náà tutù, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ Akínrógun wà lọ́wọ́ọ́rọ́.

"Wọn ò fún un lóúnjẹ," ni Eyínmẹ́nugún wí. "Ẹ wo ọrùn bí ọwọ́ ìgbálẹ̀."

"Ẹ jókòó, mà," ni obìnrin tí ó wà nídìí tábìlì wí. Ọ̀gá Fọlámadé ni orúkọ rẹ̀, awò wà lójú rẹ̀, fáìlì wà níwájú rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti gbé e gòkè, kò sì tẹ ilẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun tí ó wà láàrin tábìlì ni ó gba ojú Ìbídùn. Omi ni. Omi tí ó tó ìkòkò ọbẹ̀ kan, ó rí róbótó, ó dúró sójú afẹ́fẹ́ láìní abọ́. Mo ní láìní abọ́. Kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan lókè rẹ̀, ó kàn wà níbẹ̀ bí ẹni pé wọn ò tíì sọ fún un pé omi gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀.

"Omi Òótọ́ nìyẹn," ni Ọ̀gá Fọlámadé wí. "O ò ní fọwọ́ kàn án. Etí á bi ọ́ ní ìbéèrè, ìwọ á dáhùn. Bí o bá sọ òótọ́, omi á dúró jẹ́ẹ́."

"Bí mo bá ṣèèṣì purọ́ ńkọ́, mà?"

"Wàá rí i fúnra rẹ."

Etí, tí ó ti ń gbọ́ ọ láti inú ìlẹ̀kẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú dígí òrùlé. Yorùbá rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ti ẹni tí ń ka ìròyìn, kò fọhùn bí ẹni tí ó ti jẹ iyọ̀ rí. "Ẹ káàbọ̀, Ìbídùn. Nínú ẹ̀yin àti Akínrógun, ta ni ó ń hanrun jù?"

"Èmi ni."

Omi dúró. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀," ni Eyínmẹ́nugún fi kún un.

"Kí ni Akínrógun máa ń ṣe bí inú bá ń bí i?"

"Ó máa ń fọ abọ́ tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀."

Omi náà mọ́ sí i, ó ń tàn. Lẹ́yìn dígí, Akínrógun fi ọwọ́ bojú. Báyìí ni wọ́n ń lọ, ìbéèrè mọ́kàndínlógójì, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí oníkálukú ń sùn, ẹni tí kì í dé ìdérí ìkòkò, ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún un nígbà tí ibà mú un. Omi kò mì. Ọ̀gá Fọlámadé ti ń wá òǹtẹ̀ rẹ̀.

"Ìbéèrè ìkẹyìn," ni Etí wí. "Ṣé ẹ lọ́kọ?"

"Rárá."

Omi gbọ̀n.

"Ní ọdún kan, Etí gbọ́ 'ọkọ mi' lẹ́nu yín ní ìgbà ẹgbàárin. Ọkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ ní. Ọkọ kìíní, Akínrógun, ọkùnrin. Ọkọ kejì, Adétutù, tí ẹ ń pè ní Eyínmẹ́nugún, obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta."

"Èmi nìyẹn," ni Eyínmẹ́nugún wí, ó ń juwọ́ sí òrùlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọkọ kẹrìnlá, Akọ̀wé-Má-Mọ̀wé, ọkùnrin, télọ̀. Ọkọ kẹtàlélógún, Ìdí-Bẹ́bẹ́, obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́rin ní ọjọ́ tí ẹ dé ilé náà. Ọkọ kọkànlélọ́gbọ̀n, àkùkọ."

Ọ̀gá Fọlámadé gbójú sókè. "Àkùkọ wo?"

"Ti bàbá wọn ni, mà," ni Ìbídùn wí, ojú ń tì í. "Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo kàn ń sọ fún un pé, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ó ti wà nílé yẹn kí n tó dé. Gbogbo ẹni tí mo bá nílé, ọkọ mi ni. N kò gbọdọ̀ pe ọmọ tí wọ́n bí kí n tó wọlé lórúkọ. Mo sọ olúkúlùkù lórúkọ tèmi."

"Ó bá àkùkọ náà nílé," ni Eyínmẹ́nugún jẹ́rìí. Omi dúró jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá Fọlámadé bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. "Gbọ́ mi. Ohun mẹ́ta ni òfin ìlú yìí kà sí ìgbéyàwó: ìwé, òrùka, àti ìdọ̀bálẹ̀, kí àyà ọkùnrin kanlẹ̀ nítorí obìnrin náà. Bí Etí bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tọkọtaya ni yín. Kò rí ìkankan lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ó gbọ́ 'ọkọ'. Mi ò lè jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló kù. O lè fọwọ́ sí i pé o lọ́kọ, kí n gbé ọ lọ sórí ìlà ọlọ́dún mọ́kànlá. Tàbí kí o sọ lójú omi yìí pé Akínrógun kì í ṣe ọkọ ẹ. Bí omi bá dúró, o wọlé. Bí ó bá hó lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ ẹ kúrò nínú ìwé ìlú yìí títí ayé."

Ìbídùn wo dígí. Akínrógun ń fi ọwọ́, ojú àti èjìká sọ̀rọ̀: sọ ọ́, sọ ọ́, kì í ṣe ohunkóhun, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọdún mọ́kànlá. Irun orí rẹ̀ á ti funfun. Ó mí kanlẹ̀.

"Akínrógun kì í ṣe ọkọ mi."

Omi náà hó. Mi ò ní ó gbóná. Ó hó, ó ń ta ká, ó ń pariwo bí ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà fún gbogbo ọmọ ogun ayé, ooru rẹ̀ bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awò Ọ̀gá Fọlámadé di funfun, àwọn ẹyẹ tí ó ń kọjá nísàlẹ̀ yà gba ọ̀nà mìíràn. Ó pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀.

"Ìyàwó," ni Eyínmẹ́nugún wí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, "irọ́ yìí tó ó se iṣu."

"Ó ku ẹyọ kan," ni Ọ̀gá Fọlámadé wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ìbídùn mọ̀ pé bí òun bá tún un sọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ìgbà ẹgbẹ̀rún ni yóò hó. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú omi ìwẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ tí ó ń yá, kò mọ̀ rárá pé ó wúwo tó báyìí. Òkè Ìdànrè ni, inú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta ni ó kó sí.

Eyínmẹ́nugún dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Etí. Ìwọ Etí tó wà lókè yẹn. Èmi ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Omi dúró. Kì í ṣe pé ó dúró bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó dúró bíi pé wọ́n gbẹ́ ẹ lára òkúta. Ọ̀gá Fọlámadé bọ́ awò, kò rántí fi í sójú mọ́.

"Òótọ́ ni," ni Etí wí. "Ọjọ́ wo ni ẹ gbé e níyàwó?"

"Ọjọ́ tó gbé báàgì rẹ̀ wọlé wa."

Omi dúró.

"Ta ni ó fà á lé yín lọ́wọ́?"

Ẹnu Eyínmẹ́nugún là. Ẹnu tí ó ti bá lọ́yà jà, tí ó ti bá pásítọ̀ jà, tí ó ti pa àwọn alágbàṣe afárá lẹ́nu mọ́, ẹnu náà là, nǹkan kan ò jáde. Ó wo Ìbídùn. Ó wo ilẹ̀. Ìbídùn kò rí i kí ó wo ilẹ̀ rí.

Inú ìdákẹ́jẹ́ náà ni Ìbídùn ti rí ohun tí ó ń wá.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn," ó wí. "Kò sẹ́ni tí ó fà mí lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tọrọ lọ́wọ́ bàbá mi ní Ilé-Olúji, pé mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi. Omíyalé dé, afárá lọ, ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù, mo sì ti ń gbádùn. Ọdún kẹrin rèé. Ẹnì kan kò tíì lọ bèèrè mi lọ́wọ́ bàbá mi. Bí àdúgbò bá bi àwọn ará ilé bàbá mi, wọ́n á ní, 'Ìbídùn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń bọ̀.' Wọn ò tíì fi yàrá mi fún ẹlòmíì. Nílé àwọn Akínrógun, ọkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ní, pẹ̀lú àkùkọ. Nílé bàbá mi, n kò lọ́kọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi náà. Ó dúró, ó mọ́, ó ń mọ́ lọ títí a kò fi mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkùnkùn kékeré kan là nínú rẹ̀, ìràwọ̀ sì yọ, lọ́sàn-án gangan, ọ̀kan, ogún, ọ̀kẹ́ àìmọye, wọ́n ń yí jẹ́jẹ́ nínú omi tí kò tó ìkòkò ọbẹ̀. Ojú Ìbídùn kún. Ọ̀gá Fọlámadé ti dìde dúró láìmọ̀. Ọdún méjìlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Òótọ́ méjì," ni Etí wí, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. "Etí kò gbọ́ òótọ́ méjì nínú ọ̀rọ̀ kan rí. Ẹ dúró. Etí ń kọ ìdájọ́."

Àárín ìgbà náà ni Ìbídùn gbójú sí dígí, tí ó rí i pé Akínrógun ti kúnlẹ̀.

Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí létí láàrin ọjà. Orúnkún méjèèjì wà nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, àyà rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀.

"Akínrógun," ni Eyínmẹ́nugún wí, "àyà ẹ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Dúró síbi tí o dé yẹn."

Ó dúró. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni ó kù láàrin àyà rẹ̀ àti dígí. Kò lè sọ̀ sílẹ̀ nítorí òfin, ojú ò sì jẹ́ kí ó dìde. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Dígí ń gbọ̀n. Okùn ńlá náà ń gbọ̀n, wọ́n ní abọ́ ń kọlu ara wọn nínú gbogbo ilé ìdáná Sánmà.

"Kí ni onígbọ̀wọ́ ń ṣe nílẹ̀?" ni Etí bi wọ́n.

"Bọ́tìnì rẹ̀ ló já," ni Eyínmẹ́nugún dáhùn láì bojú wẹ̀yìn. "Ó ń wá a."

Ìràwọ̀ kan kú nínú omi. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín létí. Ọ̀gá Fọlámadé wò ó, ó wo Akínrógun, ó wo obìnrin àgbà tí ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣí fáìlì rẹ̀ ní àárín, ó rọra gbé e bo omi náà lórí.

"A ti parí pẹ̀lú ẹlẹ́rìí," ó wí. "Etí, ka ìdájọ́."

"Ìbídùn, ọmọ Ilé-Olúji. Àjọgbé. Kò tíì lọ́kọ. Kí ó wọlé."

Òǹtẹ̀ lu ìwé. Ògiri dígí là sí méjì, afẹ́fẹ́ òkè wọlé, ó ń rùn bí òjò tí kò tíì pinnu ibi tí yóò rọ̀ sí.

Ìbídùn kúnlẹ̀ fún Eyínmẹ́nugún, orúnkún méjèèjì. Ọdún márùn-ún. Eyínmẹ́nugún gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Lọ, ìyàwó mi," ó wí. "Kí apá àbúrò mi tó kán."

Ó kọjá láàrin dígí. Akínrógun ṣì wà níbẹ̀, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sílẹ̀, tó, tó, tó.

"Ṣé wọ́n ti lu òǹtẹ̀?" ó bi í, kò gbórí sókè. "Ṣé mo lè gbé àyà mi sílẹ̀ báyìí?"

Ìbídùn wo abẹ́ rẹ̀, gba inú dígí kọjá, gba inú ìkùukùu kọjá, títí dé ilẹ̀, níbi tí ọ̀nà kan ti tín-ín-rín bí òwú, tí ó ń lọ sí apá Ilé-Olúji.

"Dìde," ó wí. "Bàbá mi kò sí níbí."